Wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ: àlàyé lórí sáà Ohio State ọdún 2024

Ní ṣọ́ọ̀bù bábà tí mo ti máa ń gẹrun, tẹlifíṣàn kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi hàn. Àwọn ọmọ kan tó wọ pupa ń fò sókè, bébà wẹ́wẹ́ ń já bọ́ lé wọn lórí, ife-ẹ̀yẹ aláwọ̀ wúrà wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan tó jókòó tì mí bi mí pé, "Ọmọ mi, àwọn wo ni wọ́n gbé ife fún yẹn?"

Mo ní, "Ohio State ni, sà. Ẹgbẹ́ yunifásítì ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n nà wọ́n, sà. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Oregon lẹnikẹ́ni ò nà títí ìdíje ife-ẹ̀yẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 ni wọ́n ti gbá nígbà yẹn, wọ́n borí nínú gbogbo ẹ̀."

Bàbá mi orí. "Màgòmágó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn."

Wọ́n ti pè mí síwájú dígí kí n tó rí àyè ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí, torí kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀. Mo tún ti gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń rí fọ́tò ọmọ wọn nínú aṣọ ẹgbẹ́ yunifásítì, tí wọn ò mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọmọ náà. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Irú bọ́ọ̀lù wo gan-an nìyí?

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa. Bọ́ọ̀lù wọn ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń jù ú. Èèyàn 11 ló ń dojú kọ èèyàn 11. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi rin yáàdì 10. Bí wọ́n bá rìn ín, wọ́n tún rí ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn gbà. Bí wọn ò bá rìn ín, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì.

Ẹni tó bá gbé e dé ìkángun pápá ti gba máàkì 6 nìyẹn, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá kí wọ́n fi 1 lé e. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn ò ní lè dé ìkángun, wọ́n á ní kí ẹnì kan gbá a láti ibi tí wọ́n dé. Tó bá gba àárín òpó, máàkì 3 ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí máàkì 3 wẹ́rẹ́ báyìí ló dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ọ̀gá inú pápá ni ẹni tí wọ́n ń pè ní quarterback. Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, òun ló ń pinnu bóyá kóun jù ú tàbí kóun gbé e fún ẹni tó máa sá. Èèyàn márùn-ún tó síngbọnlẹ̀ ló ń dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri kí ọ̀tá má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ògiri yẹn bá lanu, kò sí ohun tí quarterback lè ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú NUGA wò ó. Pápá Ohio State tó wà ní ìlú Columbus ń gba èrò 102,780, bẹ́ẹ̀ bíi 60,000 ni pápá MKO Abiola tó wà ní Àbújá ń gbà. Ó sì máa ń kún dẹ́múdẹ́mú.

Kí ló dé tí wọn kì í ka máàkì bíi ti Premier League?

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Ẹgbẹ́ 20 ló wà ní Premier League, kálukú ń pàdé ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Nígbà tí wọ́n bá parí, tábìlì ló máa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti dìbò.

Ní ti yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ 134 ló wà ní ìpele tó ga jù lọ́dún 2024. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí sáà tó parí, àwọn tó bá dé àṣekágbá líìgì wọn nìkan ló ń fi 1 lé e. Ẹgbẹ́ 134 ò lè pàdé ara wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, kò ṣeé ṣe. Wọ́n pín ara wọn sí líìgì lóríṣiríṣi. Èyí tí Ohio State wà ni wọ́n ń pè ní Big Ten, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni mẹ́wàá ńlá, àmọ́ ẹgbẹ́ 18 ló wà níbẹ̀ lọ́dún 2024. Kódà nínú líìgì kan ṣoṣo yìí, wọn kì í pàdé ara wọn tán.

Ohun méjì ló tẹ̀ lé e. Àkọ́kọ́, ìpàdánù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo wúwo gan-an. Ẹni tó pàdánù 1 nínú 12, ó dà bí ẹni tó pàdánù 3 nínú 38. Kò tún sí ọ̀mì: bí wọ́n bá jọ wà dọ́gba, wọ́n á máa gbá a lọ títí ẹnì kan á fi ṣubú. Èkejì, ẹgbẹ́ méjì lè ní iye kan náà kí iṣẹ́ wọn má dọ́gba rárá. Ẹni tó na akúṣẹ̀ẹ́ mẹ́wàá àti ẹni tó na akọni mẹ́wàá, tábìlì ò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó kí ó wò ó.

Àwọn wo ló wá ń jókòó wò ó?

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ni. Àwọn tó ti ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá rí wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ní yunifásítì náà wà níbẹ̀. Ẹ rò wọ́n bí afọbajẹ. Ariwo ìlú ò fi ọba jẹ, àwọn tó jókòó sínú yàrá ló ń gbé e yẹ̀ wò: ta ni ọmọkùnrin yìí, kí ló ti ṣe, ta ló ti bá wọ ìjà tó sì borí? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń gbé orúkọ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti ipò 1 dé 25, títí wọ́n á fi gbé èyí tó kẹ́yìn jáde níbẹ̀rẹ̀ oṣù Disẹ́ńbà.

Ẹ wá gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fura sí màgòmágó. Alága ìgbìmọ̀ náà lọ́dún 2024 ni Warde Manuel, ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá ní Yunifásítì Michigan. Michigan yìí ni ọ̀tá Ohio State láti ayébáyé. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣègbè, kì í ṣe Ohio State ni wọn ì bá ṣègbè fún.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n yìí ti wà látilẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn oníròyìn àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń dìbò, ẹni tí ìbò bá gbé sókè ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Láti 1998 dé sáà 2013, wọ́n ń mú ẹgbẹ́ méjì kí wọ́n gbá a tán síta. Láti 2014 dé 2023, wọ́n ń mú mẹ́rin. Ní Disẹ́ńbà 2023, Florida State borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi wọ́n síta, torí quarterback wọn ti ṣèṣe, ìgbìmọ̀ sì ní ẹgbẹ́ náà ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dun àwọn ọmọ yẹn débi tí àwọn míì ń sunkún níwájú kámẹ́rà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún ẹgbẹ́ 12. Ká ní mẹ́rin ni wọ́n ṣì ń mú ni, Ohio State ì bá ti jókòó sílé máa wòran.

Báwo ni sáà náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Wẹ́rẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n na Akron 52 sí 6, wọ́n na Western Michigan 56 sí 0, wọ́n ń na gbogbo ẹni tó bá yọjú bí ẹni ń na bàrà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 5, ìborí 5.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀kitóbà, wọ́n lọ sí Oregon. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn gbóná dé ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 10, Oregon kó èèyàn 12 sínú pápá dípò 11. Ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ yẹn jẹ́ yáàdì 5, àmọ́ aago ti rìn kí wọ́n tó fọn fèrè, òfin ò sì ní kí wọ́n dá àkókò padà. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 6. Will Howard, quarterback Ohio State, gbé bọ́ọ̀lù sá síwájú, ó yọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè dá aago dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ fi máa kan ilẹ̀, aago ti tán. 32 sí 31, Oregon gbégbá orókè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, fi tún òfin náà ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi èèyàn 12 jẹ aago mọ́.

Ohun tó burú ju máàkì 1 yẹn lọ ni pé Josh Simmons, tó ń dúró lápá òsì ògiri, ṣèṣe ní orúnkún lọ́jọ́ náà, sáà rẹ̀ sì parí. Nígbà tí Nebraska wá sí Columbus, 21 sí 17 ni Ohio State fi yọ, ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Wọ́n lọ sí Penn State, níbi tí Penn State ti dé yáàdì 3 sí ìkángun tí wọ́n sì gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin láìwọlé. 20 sí 13. Lẹ́yìn ìyẹn ni Seth McLaughlin, ẹni tó wà láàárín ògiri gan-an, já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nígbà ìgbáradì. Òpó méjì ti wó lára ògiri márùn-ún. Síbẹ̀ wọ́n na Indiana, tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà títí di ọjọ́ yẹn, 38 sí 15. Gbogbo ènìyàn ní ó ti parí. Ó ku Michigan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Michigan?

Ọ̀rọ̀ àárín Ohio State àti Michigan kọjá bọ́ọ̀lù. Láti 1897 ni wọ́n ti ń pàdé. Ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta lọ́kọ̀ ló wà láàárín Columbus àti Ann Arbor, ìlú tí Yunifásítì Michigan wà. Bí ọ̀sẹ̀ ìpàdé wọn bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ohio State á mú téèpù pupa, wọ́n á fi sàmì X sórí gbogbo lẹ́tà M tó wà lára àkọlé inú ọgbà ilé-ìwé wọn, torí M ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀tá. Ẹni tó bá rántí ojú tí Shooting Stars àti Rangers fi ń wo ara wọn láyé ìjelòó, ọ̀rọ̀ yìí á yé e díẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Láti 1934, bí Ohio State bá na Michigan, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gba ṣòkòtò wúrà kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀ o. Kékeré ni, bí ohun tí èèyàn lè so mọ́ ẹ̀wọ̀n ọrùn, wọ́n sì fín lẹ́tà orúkọ ẹni náà sí i, pẹ̀lú déètì àti iye máàkì tí wọ́n fi borí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ayé ìgbà náà ló ti sọ pé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Michigan náà fi ń wọ ṣòkòtò bíi ti gbogbo èèyàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ọmọ tó bá gba tirẹ̀ á tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ ogbó.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, Michigan wá sí Columbus. Ìborí 6 àti ìpàdánù 5 ni wọ́n gbé wá. Ẹgbẹ́ tó ń tiraka ni. Àwọn onítẹ́tẹ́ ti sọ pé bíi máàkì 20 ni Ohio State máa fi jù wọ́n lọ. Èrò kún pápá fọ́fọ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí ògiri Ohio State ti lanu, àárín, ibẹ̀ gan-an ni Michigan ti lágbára jù. Dípò kí Ohio State máa ju bọ́ọ̀lù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn ọmọ wọn tó yára wà, wọ́n ń gbé e sá gba àárín, wọ́n ń kọlu òkè. Yáàdì 77 péré ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sá ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Michigan já bọ́ọ̀lù tí Howard jù gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Ohio State gbá méjì tí kò gba àárín òpó. Máàkì 6 lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 45, 10 sí 10, Michigan dé iwájú òpó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Dominic Zvada gbá a láti yáàdì 21, ó gba àárín. Máàkì 3. 13 sí 10. Ọdún kẹrin léra nìyẹn tí Michigan ń nà wọ́n.

Nígbà tó parí, àwọn Michigan gbé àsíá wọn lọ sí àárín pápá, wọ́n fẹ́ gún un mọ́lẹ̀ sórí àmì Ohio State. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà mí. Jack Sawyer, ọmọ tí wọ́n bí ní ẹ̀gbẹ́ Columbus níbẹ̀, tó sì ti ń dènà fún Ohio State láti 2021, já àsíá náà kúrò lára igi rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá fọ́n ata sí wọn lójú. Líìgì bu owó ìtanràn 100,000 dọ́là lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lórí. Àwọn òǹwòran tó ń jáde ń pariwo pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Ryan Day, lọ. Ẹ má gbàgbé pé ìborí 10 àti ìpàdánù 2 lọkùnrin yẹn ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Tí wọ́n bá nà wọ́n báyìí, kí ló dé tí wọ́n tún rí ọ̀nà wọlé?

Torí ìgbìmọ̀ wo gbogbo sáà, kì í ṣe ọjọ́ kan. Wọ́n ti na Penn State nílé Penn State, wọ́n ti na Indiana, máàkì 1 ni Oregon sì fi jù wọ́n lọ. Ìgbìmọ̀ fi wọ́n sí ipò 6.

Ẹ jẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ wíwọ yunifásítì tiwa ṣàlàyé ohun tó kù. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe máàkì JAMB nìkan ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé. Àwọn kan wọlé nítorí máàkì wọn, àwọn míì wọlé nítorí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wá. Bákan náà ni ètò yìí. Nínú ẹgbẹ́ 12 ti ọdún 2024, àyè 5 jẹ́ ti àwọn tó gba ife líìgì wọn tí ipò wọn sì ga jù. Àyè 7 tó kù jẹ́ ti àwọn tí ìgbìmọ̀ rí pé wọ́n dáa jù lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyí tí Clemson, tó wà ní ipò 16, fi wọlé torí ó gba ife líìgì rẹ̀, tí Alabama, tó wà ní ipò 11, fi dúró síta. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ní máàkì tó pọ̀ tí wọn ò gbà á wọlé mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn mẹ́rin tí ipò wọn ga jù nínú àwọn tó gba ife líìgì ni wọ́n ní kí wọ́n sinmi ní ìpele àkọ́kọ́: Oregon, Georgia, Boise State, Arizona State. Boise State wà ní ipò 9 lójú ìgbìmọ̀, Arizona State ní 12, síbẹ̀ wọ́n fò wọ́n wá sí ìkẹta àti ìkẹrin. Èyí ti Ohio State láti ipò 6 bọ́ sí ìjókòó 8. Ẹni tó bá sì jókòó sí 8, bó bá borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní 1 ló máa pàdé. Oregon tí ẹnikẹ́ni ò nà, tí ìgbìmọ̀ fi ṣe olórí gbogbo wọn, ni wọ́n fún ní ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ tó máa bá gbá. Bí bàbá inú ṣọ́ọ̀bù yẹn bá fẹ́ bínú, ibí ló yẹ kó bínú sí. Kì í ṣe màgòmágó, àmọ́ òfin náà ò dáa, wọ́n sì yí i padà fún sáà 2025: ipò tí ìgbìmọ̀ bá fi ẹgbẹ́ sí náà ni yóò jókòó sí.

Kí ló yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

Àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ lẹ́yìn-ò-rẹyìn pé àwọn àtàwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n bá ara wọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ tó korò. Lórí pápá, ohun tí a fi ojú rí ni pé wọ́n ṣíwọ́ kíkọlu òkè. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sọ́dọ̀ Jeremiah Smith, ọmọ ọdún 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, tó ga, tó yára, tó dà bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Disẹ́ńbà, Tennessee wá bá wọn ní Columbus nínú òtútù tó ń já èèyàn jẹ. Àwọn ará Tennessee wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn wá tìrìgbọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ará Ohio ti ta tíkẹ́ẹ̀tì wọn, inú ń bí wọn. Kí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ tó parí, ó ti di 21 sí 0. 42 sí 17 ló parí sí.

Ọjọ́ ọdún tuntun ni ti Oregon, ní pápá Rose Bowl ní California. Ohio State kan náà, Oregon kan náà. Èmi ti ṣe tán láti rí ìjà bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì, ó ti di 34 sí 0 rí. Mi ò tíì rí irú ẹ̀. 41 sí 21 ló gbẹ̀yìn. Bí ẹgbẹ́ tó borí nínú 13 ṣe lọ sílé nìyẹn. Àwọn mẹ́ta yòókù tó sinmi náà ò borí: Georgia ṣubú, Boise State ṣubú, Arizona State ṣubú. Àwọn kan ní ìsinmi ló bà wọ́n jẹ́. Èrò tèmi ni pé òfin ìjókòó yẹn ló gbé àwọn kan síbi tí ọwọ́ wọn ò tó.

Ti Texas ni mo máa dúró lé díẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ọdún 2025. Ohio State wà níwájú 21 sí 14, àmọ́ Texas ti gbé bọ́ọ̀lù dé yáàdì 1. Ìṣísẹ̀ kan péré. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n dá wọn padà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó ku àǹfààní kan ṣoṣo fún wọn láti yáàdì 8. Quinn Ewers, quarterback Texas, mú bọ́ọ̀lù, ó ń wá ẹni tó máa jù ú sí. Jack Sawyer yọ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ewers yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ohio State rí, yàrá kan náà lòun àti Sawyer jọ ń gbé. Sawyer gbá ọwọ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́, ó ta lẹ̀, ó ta padà sókè, ó sì bọ́ sí Sawyer fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọkùnrin tó tóbi tó yẹn sá yáàdì 83, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bá a. 28 sí 14. Ọwọ́ tó já àsíá Michigan lọ́jọ́ yẹn náà ni.

Ní Atlanta, ọjọ́ 20 oṣù kìíní, wọ́n pàdé Notre Dame nínú àṣekágbá. Ẹgbẹ́ yẹn náà ti rí wàhálà tirẹ̀ nínú sáà kan náà, torí ní oṣù Sẹpẹ́ńbà, Northern Illinois, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ti nà wọ́n nílé wọn 16 sí 14. Ohio State lọ sókè dé 31 sí 7, Notre Dame bẹ̀rẹ̀ sí í lépa wọn títí ó fi di 31 sí 23. Ìgbà yẹn ni Howard ju bọ́ọ̀lù gígùn kan fún Smith, yáàdì 56, èyí tó jẹ́ kí wọ́n lè gbá máàkì 3 tó pa á. 34 sí 23.

Ṣé owó ló rà á fún wọn ni?

Owó wà níbẹ̀, kò yẹ ká sẹ́ ẹ. Láti oṣù Keje ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ lè gba owó nítorí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá Ohio State fúnra rẹ̀ sọ pé bíi 20 mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà gbà lọ́dún yẹn. Ó tún ti rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ láti kó kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Kansas State ni Howard ti wá. Alabama ni McLaughlin ti wá.

Irú ìkólọ bẹ́ẹ̀ kan ọmọ Yorùbá náà. Olusegun Oluwatimi kúrò ní Virginia lọ sí Michigan fún sáà 2022, òun ló dúró láàárín ògiri wọn nígbà tí wọ́n na Ohio State 45 sí 23 ní Columbus. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó dáa jù níbi tó ń dúró náà, òun ló gbà á lọ́dún yẹn.

Síbẹ̀, kì í ṣe owó ló mú Sawyer, Emeka Egbuka tó ń jẹ́ orúkọ Ìgbò, TreVeyon Henderson àti JT Tuimoloau dúró. Wọ́n ti lè lọ gbá bọ́ọ̀lù olówó oṣù lẹ́yìn sáà 2023. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ò tíì parí ohun táwọn bá wá: kí àwọn na Michigan, kí àwọn sì gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kí ló wá dé tí inú àwọn ará Columbus kan ò fi dùn tán?

Nítorí 2021 ni àwọn ọmọ mẹ́rin yìí wọ yunifásítì náà. Wọ́n pàdé Michigan ní 2021, Michigan nà wọ́n. 2022, wọ́n nà wọ́n. 2023, wọ́n nà wọ́n. 2024, ẹ ti gbọ́ ọ. Ní oṣù Ẹpírì ọdún 2025, àwọn ẹgbẹ́ olówó oṣù mú agbábọ́ọ̀lù 14 láti Ohio State, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wà lára wọn, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òrùka ìborí wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ṣòkòtò wúrà kankan lọ́rùn ẹnì kan nínú wọn.